Ewé Ẹ̀wà Ìyá Mọ́nsúrù

Ní ọdún 1984, ọkọ Bùsírátù, Ìyá Mọ́nsúrù, kú ní Kemta nígbà tí ẹ̀wà tí obìnrin náà gbìn ń yọ òdòdó lọ́wọ́. Opó tó ń ṣe kò jẹ́ kí ó lè lọ sóko mọ́. Koríko bo ebè rẹ̀, ìlà funfun wọ́gọwọ̀gọ sì hàn lára ewé ẹ̀wà.

Lydia, tí oko tòmátò rẹ̀ bá ti Bùsírátù pààlà, ya ewé kan wò. Ìdin kékeré wà láàárín awọ ewé náà, ó ń jẹ ọ̀nà lọ. Eṣinṣin ló ń yé ẹyin wọn síbẹ̀. Kò pẹ́ tí irú ìlà náà fi dé ara tòmátò.

Kò lè gbé ẹjọ́ ewé tọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ. Ó mú àpò, ó wọ oko Bùsírátù, ó ń já àwọn ewé tó ti bàjẹ́ nìkan. Ibẹ̀ ni Ṣéhù, àbúrò olóògbé, ti bá a.

"Ìyá Olúmidé, ewé lẹ wá ń jí báyìí?"

"Ẹ wo inú àpò. Ta ló máa se irú èyí jẹ?"

Ṣéhù wò ó. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo fẹ́ fà á tu lọ́la, kí n fi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Eṣinṣin yín náà á lọ."

"Kí ni ìyàwó yín máa wá jẹ tó bá jáde opó?"

"Tòmátò yín ló ń bàjẹ́, ẹ tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà tó ti ń so lẹ fẹ́ fà tu nítorí ewé. Ìdin yìí ò dé inú èso."

"Ó dáa. Ẹ wá ṣàlàyé fún olóko fúnra rẹ̀."

Wọ́n bá Bùsírátù lórí ẹní nínú yàrá. Ó mú ewé kan nínú àpò, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì rí òjìji ìdin náà.

"Ẹ ò sì sọ fún mi, Ìyá Olúmidé."

"Ohun tó wà lọ́kàn yín ti tó."

Bùsírátù yíjú sí Ṣéhù tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ mi, ẹ̀wà yẹn nìkan ni kò sí nínú ogún tí ẹ fẹ́ pín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jáde bá a."

Ṣéhù gbé àpò náà.

"Ibo la máa da eléyìí sí?"

"Ẹ rì í mọ́lẹ̀ kó jìn dáadáa," Lydia dáhùn, "bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tún di eṣinṣin."

Ṣéhù mú ọkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí Lydia wá fi ebè tó kù han òun.