Aṣọ Tútù Lórí Òrùlé Ilé Adágún Osprey

Sunniva Tveit ò tíì mọ̀wé kà tó ti mọ ilé ìgbàlejò tó wà létí Adágún Osprey, nínú igbó tí ìjọba dá sí ní Montana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó fi ẹṣin wọ́ ìtì igi kédárì gba orí yìnyín wá kọ́ ọ. Àwọn àlejò á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Chicago, wọ́n á wọ gbọ̀ngàn náà, wọ́n á gbójú sókè wo àwọn òpó ńláńlá yẹn, ẹnu wọn á sì là sílẹ̀. Nígbà tí Sunniva dàgbà, ó di ọ̀gá àwọn afọṣọ níbẹ̀.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1926, iná igbó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn pọ́n bí epo. Lyman Pruett, alákòóso ilé náà, kó gbogbo èèyàn lọ sétí omi.

"Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi. Bí ilé bá jó, a ó kọ́ òmíràn."

Àwọn arúgbó àtàwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ọkọ̀ kún, ó sì gbéra. Àwọn tó kù ní láti dúró dìgbà tó bá padà. Sunniva wo òrùlé onípákó pẹlẹbẹ tó gbẹ bí egungun. Ògúnná kan fò wá bà lé e, ó ń rú èéfín.

"Ọ̀gá, ká tó rí ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo aṣọ ibùsùn jáde, ká rì í sómi, ká tẹ́ ẹ sórí ilé."

"Ta ló máa gòkè?"

"Èmi ni."

"Èmi náà wà ńbẹ̀," ni Hettie Crowe, tó máa ń gbé oúnjẹ fáwọn àlejò, wí. "Ẹni tó ń sọ pé mo ti sanra jù, kó wá di àkàbà mú."

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé Pruett ń bẹ̀rù ibi gíga. Síbẹ̀ ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì lọ gbé àkàbà.

Kíá, wọ́n ti tò láti etí omi dé ara ògiri. Àlejò oníbáńkì kan láti ìlú St. Paul ń gba aṣọ lọ́wọ́ alásè, ó ń jù ú sókè sí Pruett tó dúró láàárín àkàbà, tó di ojú rẹ̀ pinpin.

"Ọ̀gá, ẹ lajú," Sunniva ké láti òkè.

"Bí mo bá lajú, ilẹ̀ ni màá bá ara mi. Gba aṣọ rẹ."

Aṣọ kọ̀ọ̀kan wúwo bí òkú ẹran. Bó bá ti kan pákó, á hó ṣùù. Lójijì Hettie fi aṣọ tútù gbá Sunniva lórí.

"Ṣé orí mi lò ń nà ni?"

"Iná ni mò ń nà. Orí rẹ ló bá a níbẹ̀."

Sunniva bú sẹ́rìn-ín. Èéfín ń ta á lójú, bàtà ń jó o lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, bí ẹni tó gun ẹṣin tó ń sáré. Iná jó ilé ẹṣin ráúráú, ó jó ibi ìkógi-sí, ó wá kọjú sí wọn. Ìgbà náà ni atẹ́gùn yí padà, ó taari iná lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó ti jóná tẹ́lẹ̀. Kò rí nǹkan jẹ mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ń padà bọ̀, àwọn awakọ̀ rí aṣọ funfun lórí òrùlé, wọ́n rò pé yìnyín ló bọ́ sórí ilé. Wọ́n fun fèrè títí tó fi gba gbogbo adágún kan.

Pruett ṣì wà lórí àkàbà.

"Sunniva, kí làwọn àlejò máa wá tẹ́ sùn báyìí?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná, Ọ̀gá."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbà."

Hettie ló di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gbé e lé ọ̀pá àkàbà, títí ó fi tẹlẹ̀.