Àwòrán Ìyá Bàbá Àlàgbé

Ghislain, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló sọ pé ètò tí kọ̀ǹpútà mi fi ń ṣiṣẹ́ ti gbó, pé àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀. Mo ní èmi náà ti ń gbó, ṣé wọ́n á pààrọ̀ mi ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ètò tuntun sí i, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó padà sí Pobè.

N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Fọ́tò ni mo ń yà ní Ikpinlè, mo sì mọ ibi tí gbogbo nǹkan mi wà. Àpótí kọ̀ǹpútà náà kò yí padà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti di ilé onílé. Nǹkan tó wà lápá òsì tẹ́lẹ̀ ti sún sí àárín. Ó ń bi mí bóyá mo fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ta ló pè é? Èyí tó burú jù, bí mo bá gbọ́wọ́ kúrò lára eku kọ̀ǹpútà náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn fọ́tò inú rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Bí mo bá ti fọwọ́ kan eku náà, wọ́n á pòórá. Mo ti pinnu pé Ghislain á wá yọ àṣà yẹn kúrò.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Bàbá Àlàgbé ti abúlé Kpoulou fi wọlé, tó rí ojú tuntun kọ̀ǹpútà mi.

"Ìyá Hàkímù, ẹ kú ohun tuntun o! Á mú ire wá."

"Àmín, Bàbá. Bọnarivé o, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Fọ́tò ìyá mi ni mo wá gbà. Ọmọ mi bímọ, a sọ ọ́ ní Màríámù, orúkọ ìyá mi. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo fẹ́ kó dàgbà bá ojú ẹni tó ni orúkọ náà lára ògiri."

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ yà láyé, ikán sì ti jẹ ẹ́ lẹ́yìn tí mo ti dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà. Èyí tí mo tẹ̀ fún un, òjò ti bà á jẹ́. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi nìkan ló kù, bó bá ṣì wà.

Mo wá a. Ibi tí mo ń kó fọ́tò àtijọ́ sí ṣófo. Mo ṣí ibòmíràn, mo tẹ orúkọ Bàbá, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí nǹkan kan. Mo pe Ghislain, kò gbé e.

Nígbà tó yá, mo fi eku náà sílẹ̀. Mo yíjú sí Bàbá, ojú sì ń tì mí gidigidi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

Kò gbọ́ mi. Ó ń wo ẹ̀yìn mi.

Kọ̀ǹpútà ti tún bẹ̀rẹ̀ àṣà rẹ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan kọjá, lẹ́yìn náà ni obìnrin kan yọ, ó we gèlè funfun, ó jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí wa bí ẹni tó fẹ́ bá wa wí. Kò sọnù! Ó wà níbẹ̀! Ọwọ́ mi ti fẹ́ kan eku náà kí n tó rántí. Mo ká ọwọ́ jọ sórí itan.

Bàbá Àlàgbé, tí gbogbo Kpoulou ń dọ̀bálẹ̀ fún, ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì mi.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá mi," ni ó wí. "Ẹ wò mí, mo ti darúgbó."

Ó ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí fọ́tò ewúrẹ́ àbúrò mi gba ipò ìyá rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. N kò sọ fún un. Mo fọwọ́ sórí itan, mo ń dúró kí ìyá náà tún yí padà dé.