Òpó Òfìfo

Sàlàkọ́ fi ìka lu òpó irin náà, ó dún gbọ̀ọ́n.

"Ẹ gbọ́ ọ! Òfìfo ni! Òun lẹ fẹ́ gbé òrùlé mọ́ṣáláṣí lé lórí?"

Lèmọ́ọ̀mù kò jiyàn. Ó ní bí òpó irin méjì tí Mùkáílà rì mọ́lẹ̀ bá tẹ̀ lónìí, Sàlàkọ́ ló ni iṣẹ́. Bí wọn kò bá tẹ̀, Mùkáílà ló ni ín.

Láti ọgbọ̀n ọdún, ta ló tún ń ṣe òpó n'Ìwó bí kò ṣe Sàlàkọ́? Ìrókò gidi, tí ọkùnrin mẹ́jọ ń gbé tí wọ́n ń mí hẹlẹ. Sàlàkọ́ ló kọ́ Mùkáílà yìí níṣẹ́. Àfi bó ṣe lọ bá wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè, tó wá gbé òpó irin darí wálé. Òun nìkan gbé e lé èjìká, ó ń kọrin kọjá lójúde Sàlàkọ́! Sàlàkọ́ ní ẹ̀mí àwọn olùkírun ló ń ká òun lára. Irọ́ ni. Ìlara ni.

Láàárọ̀ yẹn, Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní ikán ò lè jẹ òpó Mùkáílà." Sàlàkọ́ ti ẹ̀kọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kékeré là á ti í pẹ̀ka ìrókò. Kí ló dé tí òun fi jẹ́ kí eléyìí dàgbà?

Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbé igi àjà lé òpó irin méjèèjì. Ọkùnrin mẹ́fà gun orí rẹ̀. Òpó kò mì.

"Ó ku èmi," ni Sàlàkọ́ wí. Ó gbé àkàbà rẹ̀ tì í. Mùkáílà sáré wá di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Ẹ rọra o, ọ̀gá mi."

Sàlàkọ́ gòkè, ó sì fò lórí igi àjà. Ó tún fò. Ọlọ́run, jẹ́ kó tẹ̀, bó tilẹ̀ ṣe díẹ̀!

"Bàbá, ẹ tún fò, ijó yín dùn!" ni ẹnì kan kígbe nísàlẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Lèmọ́ọ̀mù ní, "Alihamudulilahi. Mùkáílà, ìwọ lo ni iṣẹ́."

Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó dé àárín àkàbà, ó dúró. Ọparun ni àkàbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló gé e lódò. Ó fi ìka lù ú.

Òfìfo ni.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí?" ni Mùkáílà béèrè. Ọwọ́ rẹ̀ ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ àkàbà.

Ọgbọ̀n ọdún ni ọparun ti ń gbé Sàlàkọ́ gòkè, kò fìka lù ú wò rí.