Ọyẹ́ Tí Mo Dà Bo Ọ̀nà Ilé

Mo kórìíra olè, mi ò sì ní purọ́ pé sùúrù wà lára ìwà mi. Nígbà tí wọ́n jí géèmù tí èmi àti Hamidah kọ́kọ́ ṣe, tí wọ́n ń tà á kiri nínú mẹ́mọ́rì káàdì láti Ṣàngó dé Òjòó, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi payín keke. Yàrá kan ní Àgbowó la ti ṣe é. Hamidah ló ya àwòrán rẹ̀, èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú un ṣiṣẹ́, àwa méjèèjì ò sì rí nǹkan kan mú délé. Nígbà tí a fẹ́ ṣe ìkejì, mo búra pé ẹni tó bá jí i yóò mọ̀ pé òun jí nǹkan.

Géèmù kejì yìí kò ní ìjà, kò ní ìbọn. Ẹnì kan ló ń rìn lọ sílé. Yóò sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́, yóò gba ọ̀nà eléruku la oko kòkó kọjá, yóò gun òkè kan títí yóò fi dé ilé kékeré kan lábẹ́ àpáta. Ilé màmá mi ni, ní abúlé wa lẹ́bàá Ìdànrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n bí èmi sí. Hamidah kùn ún bí ẹni tó ń lálàá. Ewé kòkó ń mì láìsí afẹ́fẹ́, ewúrẹ́ kan dúró lórí òrùlé, kò sọ̀kalẹ̀, òṣùpá sì máa ń yọ kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹ̀dà méjì la gbé jáde. Èyí tí a ń ta ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà parí sí ẹnu ọ̀nà ilé náà. Ẹ̀dà àkànṣe, tí a ń ta ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti máa ń ṣí, tí ohùn màmá mi yóò sì kí ẹni tó dé. Inú fóònù mi àtijọ́ ni mo ti rí ohùn náà, ní ọdún kejì tí màmá mi kú.

Ní ti àwọn olè, ọyẹ́ ni mo pèsè sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀. Tí géèmù bá yẹ ara rẹ̀ wò, tó rí i pé jíjí ni wọ́n jí òun, kò ní pariwo, kò sì ní kọ̀ láti ṣí. Ọyẹ́ ni yóò máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó ń rìn lè má fura. Tó bá yá, igi kòkó á di òjìji, òkè á di funfun, ọ̀nà á máa yí po, kò sì ní délé mọ́ láéláé. Hamidah ní ìyà náà ti le jù. Mo ní kí wọ́n máa rìn.

Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì ń dá gbé ní Bódìjà nínú ilé tí àwọn àti màmá mi jọ kọ́. Owó tí géèmù náà kọ́kọ́ mú wá, mo kó o lọ fún wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbọ́. Aládùúrà ni bàbá mi, wọ́n gbàdúrà lé owó náà lórí títí orúnkún fi ń ro mí. Owó géèmù ni mo kó lọ o. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ó yẹ kí n fún wọn ní géèmù fúnra rẹ̀. Ta ló ń fún ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ní géèmù?

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà ni ìdí tí ohùn ìyàwó wọn fi wà nínú èyí tó wọ́n. Mo ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri ayé nìyẹn, pé àfikún ló ń mú owó gidi wọlé.

"Èènì lò ń tà yẹn, Fọláyọ̀," ni wọ́n wí. "Wọn kì í dá iye lé èènì."

Ọ̀rọ̀ náà ta mí lára. Mo dáhùn pé èmi kì í ṣe aláta, pé èènì ò lè bá mi san owó iná. Òbí tó bá ti gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, kò jẹ́ tọrọ nǹkan náà mọ́.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, mo rí i pé nǹkan ti ń yí padà lára wọn. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, gbogbo Bódìjà tutù rinrin, wọ́n wá bi mí bóyá ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àwàdà ni. Wọn ò wa ọkọ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n ti ń kà fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n fà á lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwaníyì lọ́wọ́. Tí mo bá sì lọ kí wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á ní kí n jókòó síbi fèrèsé, wọ́n á máa wò mí láti iwájú orí dé àgbọ̀n títí ojú á fi máa tì mí. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní mo jọ màmá mi. Mo ní ṣé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo débẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Òjò ń rọ̀ wẹ́ẹ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bàbá mi wà lórí àga, tábúlẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí bùbá nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ padà, wọ́n tún nu ojú tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo yọ́ lọ sẹ́yìn wọn. Funfun ni gbogbo rẹ̀, àyàfi òjìji ẹnì kan tó ń rìn lọ, tó ń rìn lọ. Mo dá a mọ̀ bí télọ̀ ṣe ń dá aṣọ tó rán mọ̀. Ọyẹ́ mi ni.

Inú ti bí mi kí n tó ronú. Mo bi wọ́n pé ta ló tà á fún wọn. Wọ́n ní Àkànó ni, ọmọkùnrin kan tó ń kó nǹkan sínú fóònù fún èèyàn ní Challenge, ó sì ní gbogbo rẹ̀ ló pé síbẹ̀, tó fi dórí ohùn tó wà nínú ilé. Ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná lórí ọ̀rọ̀ olè ni wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ìwọ náà rí i?"

Mo ní kí ni.

"Ọyẹ́ yìí. Ṣé ìwọ náà rí i?"

Mo ní mo rí i, pé gbogbo ojú ibẹ̀ ló bò. Bàbá mi rọra gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé orí itan wọn.

"Mo rò pé ojú mi ni," ni wọ́n wí. "Bàbá tó bí mi fọ́jú kí wọ́n tó kú. Bí ọyẹ́ ni wọ́n ní ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ń rí i lójú Bíbélì, mo ń rí i lójú títì. Ẹ̀rù dókítà ń bà mí. Mo ní kí n kúkú há ojú rẹ sórí kó tó pẹ́ jù."

Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo dà á bo ọ̀nà, pé mo jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti mú un ki dáadáa. Mo sunkún bí ọmọdé, nítorí pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ńṣe ni wọ́n ń bá mi dágbére. Bàbá mi ò bínú. Wọ́n wá bi mí pé èèyàn mélòó ló wà nínú ọyẹ́ náà. Mo ní wọ́n á tó ẹgbẹ̀rún kan, olè sì ni gbogbo wọn.

"Èmi náà wà lára wọn," ni wọ́n wí. "Sọ fún wọn pé kì í ṣe ojú wọn."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kan ní Ring Road. Ó ní ojú wọn dá ṣáká fún ẹni ọdún wọn, pé gíláàsì ló gbó. Mi ò ká ọyẹ́ náà kúrò, n kò sì dín owó ẹ̀dà àkànṣe. Mo ti sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà jíjí tó bá ti kan íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, ọ̀rọ̀ kan á yọ níbi tó ti funfun jù: "Ojú yín kò ṣe nǹkan kan. Ọyẹ́ ni. Jíjí ni ohun tí ẹ rà." Hamidah ló ní kí n má fi èébú sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ẹ̀dà àkànṣe lọ fún bàbá mi, mo jókòó tì wọ́n. Ọ̀nà mọ́ gaara. Wọn ò kánjú. Wọ́n ń dárúkọ oko bí wọ́n ṣe ń kọjá, oko àbúrò wọn, oko ẹnì kan láyé àtijọ́ tí n ò mọ̀ rí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́ orí òrùlé. Òṣùpá yọ. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ wọn dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, mi ò sọ pé kí wọ́n wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ṣí, màmá mi sì sọ̀rọ̀ láti inú ilé.

"Ẹ ti dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín síta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tán ni."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àga, wọ́n sì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ wọn.