Ìpè Tí Agéwèé Kò Rántí

“O pè é, àbí o ò pè é?”

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọ̀gá ti bi Agéwèé ní ìbéèrè yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Agéwèé jókòó sétí àga ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé wọn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín itan. Olùbẹ̀wò ìjọba wà ní igun yàrá, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún un. Kò tíì dìde lọ wo ẹ̀rọ tí ó tìtorí rẹ̀ wá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rò ó.”

“Ọ̀rọ̀ àná lo fẹ́ máa rò bí ìtàn ìwáṣẹ̀?”

Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Oṣù kẹsàn-án rèé tí Agéwèé ti fi oògùn ikọ́ tó ń pa á bí ọtí àti àwọn hóró oògùn pupa sílẹ̀, kò tilẹ̀ gba àdúgbò tí wọ́n ti ń tà á kọjá mọ́. Ara ti mọ́, ṣùgbọ́n orí kò tíì mọ́. Á sun oorun wákàtí mẹ́jọ, á jí bí ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù mọ́jú. Á wọ yàrá, á gbàgbé ohun tó wá mú. Dókítà ní kó má fòyà, pé kùrukùru inú ọpọlọ máa ń pẹ́ kó tó ká, ó lè tó ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ dókítà dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi abẹ gígùn gé ìwé jẹun kò lè bẹ abẹ pé kó ní sùúrù.

Ìdí nìyẹn tí òun àti Màmá Adìwé, obìnrin àgbà tó ń to ìwé sábẹ́ abẹ tó sì ń dì í, fi dá ìlànà kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Kí Agéwèé tó tẹ bọ́tìnnì, á pariwo, “Màmá, ọwọ́ dà?” Màmá á dáhùn, “Ó wà lọ́dọ̀ mi!” Ìgbà náà ni yóò tó gé e. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ègbè àti lílé ni wọ́n ń kọ. Màmá kì í bínú. “Ẹ jẹ́ kó máa pè mí o,” ni yóò wí, “ẹni tó mọ̀ pé òun ń gbàgbé sàn ju ẹni tó rò pé òun mọ gbogbo rẹ̀ tán lọ.”

Bọ́tìnnì méjì ni ẹ̀rọ náà ní, ọwọ́ méjèèjì ló sì yẹ kí èèyàn fi tẹ̀ wọ́n kí abẹ tó já. Nígbà tí iṣẹ́ ìwé ìdánwò dé ní kánjúkánjú, ọ̀gá fi téèpù de ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Láti ìgbà náà, abẹ a máa já lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà mìíràn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Agéwèé fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ọ̀gá ní orí rẹ̀ ló ń yí.

Lọ́sàn-án àná, abẹ já lé ọwọ́ ọ̀tún Màmá.

Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni Agéwèé ń wá kiri nínú orí. Ó rántí igbe. Ó rántí ẹ̀jẹ̀ lórí ìwé funfun. Ó rántí pé ó ti rẹ òun láti àárọ̀, tí ìpéǹpéjú òun wúwo. Ṣùgbọ́n “ọwọ́ dà?” ti àná ti dàpọ̀ mọ́ ti ìjẹta àti ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

“Téèpù kan wà lára ẹ̀rọ yẹn, sà,” ó sọ fún olùbẹ̀wò. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò ó.”

“Téèpù wo?” ọ̀gá já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. “Èmi fúnra mi wo ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí. Kò sí téèpù kankan.”

Ẹ̀rù ba Agéwèé gidigidi. Àbí téèpù náà gan-an, ṣé òun ló rò ó ni? Ẹni tí wọn yóò sun jẹ kì í fi epo para, ṣùgbọ́n òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn kùrukùru yìí fún ọ̀gá lọ́jọ́ tó gbà á síṣẹ́.

Ọ̀gá rẹ ohùn sílẹ̀. “Àbúrò mi, ṣebí èmi ni mo gbà ọ́ nígbà tí gbogbo ayé ń sá fún ọ? Mi ò ní fà ọ́ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣáà fọwọ́ sí ìwé yìí pé àárẹ̀ àti ìgbàgbé rẹ ló fà á. Kó tán síbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí Màmá, sà. Tí wọ́n bá ní mi ò pe àwọn, mo gbà.”

“Ó ti sọ tiẹ̀.” Ọ̀gá fa ìwé kan yọ nínú dúrọ́ọ̀. “Kà á.”

Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kò gùn: Ẹni tó ń gé ìwé kò pè mí. Kò sí àléébù lára ẹ̀rọ. Àmì àtàǹpàkò oníyíǹkì dúdú kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

“Ọwọ́ òsì ló fi tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí,” ni ọ̀gá wí. “Ṣé ó tún ní ọwọ́ tí yóò fi kọ̀wé ni?”

Ọkàn Agéwèé gbọgbẹ́. Màmá kì í purọ́. Bí Màmá bá sọ pé Agéwèé kò pe òun, a jẹ́ pé orí Agéwèé ló ń purọ́ fún un. Ó gba báírò, ó fọwọ́ sí ìwé ọ̀gá níbi méjèèjì tí wọ́n nàka sí. Olùbẹ̀wò ká ìwé náà sínú báàgì, ọ̀gá sì sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó bá a gbé páálí wúwo kan sí bùùtù.

Ẹsẹ̀ ni Agéwèé fi rìn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

“Ṣé ẹ̀yin lọmọ wọn? Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn lálẹ́ àná, oorun abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń sùn. Ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú.”

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Agéwèé. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Màmá, ẹ dárí jì mí. Mi ò pè yín.”

Màmá yíjú sí i. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? O pè mí. Mo dá ọ lóhùn, o sì gé e. Ìgbà tí mo nawọ́ kó ìwé ni nǹkan burúkú yẹn tún já fúnra ẹ̀. Téèpù ọ̀gá yẹn ni. Ṣé wọ́n ti tú u?”

Ó gbé ọwọ́ òsì láti nu ojú, ọwọ́ náà sì dúró nínú afẹ́fẹ́.

“Kí lèyí? Ta ló kun yíǹkì sí mi lọ́wọ́?”

Agéwèé dìde jókòó sórí ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́sàn-án, orí rẹ̀ mọ́ kedere. Ó rántí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan: àwọ̀ báírò náà, báàgì olùbẹ̀wò, àti ibi méjèèjì tí òun ti fọwọ́ sí i.