Ìyá Ọkọ Mi Da Omi Èédú Pọ̀

Ṣadé, gbọ́ àlá tí mo lá lóru àná, inú ṣì ń bí mi. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní kẹ́mísírì nílé ìdáná wa. Mo se èédú ilẹ̀ nínú ìkòkò tí mo dé pa, èéfín rẹ̀ gba inú páìpù, ó tutù, ó di ọ̀dà dúdú. Mo gbé ọ̀dà náà kaná. Èyí tó kọ́kọ́ kán jáde lẹ́nu páìpù mọ́ gaara bí omi, èyí tó tẹ̀lé e ń rùn bíi káńfọ̀ inú àpótí aṣọ. Mo rọ wọ́n sígò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ni olóògbé ìyá ọkọ mi bá wọlé, wọ́n da gbogbo rẹ̀ padà sínú ìkòkò.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò jọra."

"Ṣebí ibì kan náà ni wọ́n ti wá."

Mo tún un ṣe, wọ́n tún dà á pọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ti di ìgò, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mo jágbe mọ́ màmá, ohun tí mi ò ṣe rí nígbà ayé wọn.

Igbe yẹn ló jí ọkọ mi. Ó ní ta ni mò ń bá jà. Mo ní màmá rẹ̀ ni. Ó rọra béèrè pé, "Ṣé ara wọn le?"

Mo ní ara wọn le ju tèmi lọ.