Àmì Kan Lórí Ìyá

Ẹ̀gbọ́n obìnrin ló kọ́kọ́ ka ìwé ìsìnkú ìyá wọn sókè lẹ́bàá sàréè. "Ìyà wa ti lọ." Ó tún un kà, ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó ni ilé ìtẹ̀wé. "Ìyà, kẹ̀? Ṣé ọdún mẹ́ta tó o fi tọ́jú màmá sú ọ tó báyìí ni?"

Àmì kan ṣoṣo, àmì òkè tó di ti ìsàlẹ̀, ló sọ ìyá di ìyà nínú igba ìwé ìsìnkú. Omijé ni kò jẹ́ kí àbúrò yìí ríran dáadáa nígbà tó ń kọ ọ́. Obìnrin tó ń gbé ìyá rẹ̀ wẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó ká ìwé náà sọ́wọ́. Ojú tì í, ó sì dùn ún wọra.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ibi iṣẹ́ ló forí lé. Bàbá Àmì, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ló to lẹ́tà ìwé náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ yẹn lásán, àmì tó ṣì kì í bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Àmì, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i, mà. Gbogbo wa la rí i."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ní ìdí. Lọ́dún tó kọjá, bàbá yìí tọ́ka sí àṣìṣe ọ̀gá rẹ̀ yìí lójú oníbàárà, ọ̀gá sì fi ọ̀rọ̀ wọ́ ọ nílẹ̀: ta ló ní kó ronú? Látìgbà náà, "Ó dáa, mà" nìkan ló kù lẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀gá pè é ní ìgbọràn. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó bá fi ìbínú pa òṣìṣẹ́ lẹ́nu mọ́, ṣebí etí ara rẹ̀ ló dí?

Omi lé ròrò lójú ọ̀gá. "Ẹ̀ ń bínú sí mi, ẹ wá fi ìyá mi gbẹ̀san?"

"Rárá o, mà!" Bàbá Àmì bọ́ awò ojú rẹ̀. "A jọ gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ ò sọ̀rọ̀ màmá fún wa rí. Tí wọ́n bá pè yín látilé pé ara màmá ò yá, ẹ̀ẹ́ máa jágbe mọ́ wa ni." Ó wolẹ̀. "A rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ, pé ìyà ló ti lọ lóòótọ́."